Ẹnu Màmá Àgbà Ni Olú Kọ́kọ́ Ń Kàn

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a sin Màmá Àgbà, mo gbọ́ tí obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Agbowó. Ọ̀kan ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé olú tí wọ́n ń gbìn yẹn ló pa wọ́n?" Èkejì mi orí, ó ní, "Ohun tó ń hù nínú balùwẹ̀, kí lẹ rò pé ó máa ṣe fún èèyàn?" Wọn kò rí mi. Mo gbé garawa mi, mo padà sílé láìpọn omi, nítorí pé omijé kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìgbà tí garawa kún.

Olú kọ́ ló pa ìyá bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru fún ọ̀pọ̀ ọdún, dókítà sì ti kìlọ̀ iyọ̀ fún wọn títí. Wọ́n sùn ní ọjọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, wọn kò sì jí mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà ti wá, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. N kò ní sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti kọjá kí a tó bí mi. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Ṣakí ni Màmá. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ní Ṣakí, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá, àwọn obìnrin a gba oko lọ láti wá olú, ẹni tó bá sì mọ ibi tí olú ń hù kì í fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn lẹ́yìn ikú Bàbá Àgbà, wọ́n wo Agbowó yí ká. Ilé ló wà níwájú, ilé ló wà lẹ́yìn, yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì kún àárín. Kò sí igbó. Àkókò tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó ni. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba, owó-oṣù wọn a máa pẹ́ kó tó jáde, ẹran sì ti di ohun tí à ń jẹ lọ́jọ́ Àìkú nìkan.

Màmá kò ráhùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa lẹ́yìn Òjòó, wọ́n sì gbé àpò mẹ́ta bọ̀, gbogbo rẹ̀ kún fún òfìfo ìdì ẹyìn tí a ti gba ojú ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Ààtàn ni àwọn elépo ń kó o dà sí. Nínú ọ̀rá kékeré kan ni Màmá di èyí tí olú ti ń hù lórí rẹ̀ sí lọ́tọ̀. Nítorí pé ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, tí Bíbélì kò sì jìnnà sí ẹnu wọn, wọ́n pe ti inú ọ̀rá náà ní ìwúkàrà.

A ní balùwẹ̀ kan lẹ́yìn ilé, tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ìwé kan lọ. Màmá fi eérú fọ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Wọ́n rẹ ìdì ẹyìn náà sínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ méjì, wọ́n tò ó jọ kó ga dé orúnkún, wọ́n fọ́n ìwúkàrà wọn sí àárín rẹ̀, wọ́n sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀rá bò ó. Bí a bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀rá náà, ó máa ń gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun funfun kéékèèké a yọ jáde bí ẹyin àparò. Ní ọjọ́ kejì, ẹyin náà a là, olú a na orí jáde bí agboorùn, àpò tó ti inú rẹ̀ jáde a kù sí i ní ìdí, abẹ́ rẹ̀ a sì máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àpò ìdí àti abẹ́ pupa yìí ṣe pàtàkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì ní èjìká.

"Màmá, níbo ni kí n ti wẹ̀? Iṣẹ́ ń pè mí."

"Àkànní, a ti fi páànù ká ẹ̀yìnkùlé fún ẹ."

"Màmá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókè ń wò mí!"

"Kí ni wọn ò rí rí? Ìwọ lè rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Olú ò lè rìn."

Kí Màmá tó wọlé sọ́dọ̀ olú, wọ́n á fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Àgò o." Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé ta ló máa dá wọn lóhùn. Wọ́n ní kì í ṣe ìdáhùn ni àwọn ń wá. Ìbínú tí àwọn gbé bọ̀ láti ìta ni àwọn ń fún láyè kó kọ́kọ́ kúrò. Mo rí i pé òótọ́ ni. Màmá kì í fa olú. Wọ́n á fi ìka méjì yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní mì. Nígbà kan tí ìyá mi bá mi wí, tí mo fi ìkanra wọlé, mo ṣẹ́ mẹ́rin tí kò tíì tó ká. Màmá kó o sínú àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ọwọ́ tó ń bínú kì í ká olú. Ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́ ẹ."

Kì í ṣe pé Màmá jẹ́ áńgẹ́lì. Wọ́n máa ń jà, wọn kì í sì í tètè gba àtúnṣe. Bí mo bá ní ọ̀rá ti ṣí ní igun kan, tàbí pé omi ti pọ̀ jù, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbà: "Ọmọdé kì í kọ́ àgbà ní olú." Mo gbọ́ gbólóhùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi di òfin lọ́kàn mi.

Ìjà wọn tó lókìkí jù ni èyí tí wọ́n bá Alhája jà. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni Alhája, àwọn ló ni ilé tó dojú kọ tiwa, wọ́n sì ń ta mílíìkì, ọṣẹ àti ṣúgà nínú ìsọ̀ kékeré kan níwájú rẹ̀. Ní ọdún tí ṣúgà wọ́n bí ojú, Màmá, tí kò lè mu ẹ̀kọ gbígbóná láìsí ṣúgà, fi abọ́ rán mi lọ ra ṣúgà, ṣùgbọ́n ara wọn kò gbà á, wọ́n tẹ̀ lé mi.

"Alhája, ẹ bá mi wá ṣúgà díẹ̀."

"Ìyá Olólú, ṣúgà ti tán. Kò sí ṣúgà ní gbogbo Ìbàdàn."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu Alhája tí obìnrin kan fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tó sọ pé Bódìjà ni òun ti ń bọ̀. Alhája na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, páálí ṣúgà kan sì jáde.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Háà! Ìbàdàn mìíràn tún ti dé nìyẹn. Èyí ní ṣúgà."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú ti Alhája, inú sì bí wọn. Wọ́n pariwo pé, "Ẹ lọ bu olú sínú ẹ̀kọ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ohun tó hù nínú balùwẹ̀!"

"Màá bù ú," ni Màmá wí. "Olú tèmi kì í sá pamọ́ fún aládùúgbò."

Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu. Bí Màmá bá ká olú, abọ́ tánganran funfun márùn-ún ni wọ́n máa ń bù ú sí, fún ilé márùn-ún tó yí wa ká, èmi ni mo sì ń gbé e lọ. Abọ́ karùn-ún jẹ́ ti Alhája, kí ìjà tó dé àti lẹ́yìn ìjà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo. Gààrí a wà nínú ọ̀kan, ata a wà nínú òmíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní nǹkan kan a fi bisikíìtì méjì sí tiwọn. Ti Alhája nìkan ló máa ń padà lófìfo. Màmá á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á yí i wò, wọ́n á ní, "Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tó ń fọ abọ́ ẹni kò tíì kọ ẹni."

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó ṣòro fún mi láti kọ.

Bí ìdì ẹyìn bá ti lo agbára rẹ̀ tán, ìdí igi máńgòrò ni Màmá máa ń dà á sí. Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé girama, lẹ́yìn òjò ńlá kan, olú funfun hù nídìí máńgòrò náà, òmíràn tó abọ́ ọbẹ̀ ní fífẹ̀. Inú Màmá dùn. Ti inú balùwẹ̀ kò ṣe dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sì tó fún abọ́ márùn-ún. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ olú mi ti jáde lọ dá ilé tiwọn."

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò o. Ní Ṣakí, ìgbín ni wọ́n fi ń dán olú àjèjì wò: ohun tí ìgbín bá jẹ tí kò kú, ènìyàn lè jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi ẹ̀là olú náà sínú ìkòkò tí ìgbín kan wà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìgbín ti jẹ ẹ́ tán, ó sì na ìwo rẹ̀ méjèèjì síta bí ẹni tó ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà Báólójì wa kọ́ wa nípa olú. Ó ní ikùn ìgbín kì í ṣe ikùn ènìyàn, pé ìgbín lè jẹ ohun tó máa pa odindi ilé. Ó ní kí a máa wo olú fúnra rẹ̀. Mo ti wo ti ìdí máńgòrò ní ọjọ́ Ẹtì. Kò ní àpò ní ìdí. Ó ní òrùka lọ́rùn. Abẹ́ rẹ̀ kò pọ́n. Funfun ni, ní àwọn ibì kan ó sì ti ń ní àwọ̀ ewé.

Mo ní, "Màmá, èyí ní òrùka lọ́rùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ti ṣègbéyàwó ni."

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù. Òfin tó wà lọ́kàn mi dí mi lẹ́nu. Obìnrin tó ti ń ká olú kí a tó bí bàbá mi, kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn? Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo gbé abọ́ márùn-ún náà lọ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó wà ní yàrá ẹ̀yìn hó yèè. Bùọ̀dá Délé, tó dàgbà jù nínú wọn, ní, "Ẹran ti dé o! Ìyá Olólú á pẹ́ fún wa!" Mo gbé ti ilé méjì mìíràn fún wọn, mo fún ilé kẹrin, mo sì dé ọ̀dọ̀ Alhája. Wọ́n fi ìka méjì gba abọ́ náà bí ìṣe wọn. Kúdí, ọmọ ọmọ wọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, fa aṣọ wọn, ó ń wo inú abọ́, ó ní, "Ṣé tèmi nìyí?"

Mo sáré dé ilé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá láìmí.

Màmá mú ọ̀kan tó ṣẹ́ kù nínú ti ìdí máńgòrò, wọ́n mú ọ̀kan láti inú balùwẹ̀, wọ́n dojú àwọn méjèèjì délẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ọ̀kan pọ́n lábẹ́. Ìkejì kò pọ́n.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti àná, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo rò pé ẹ máa ní mo ń kọ́ yín ní olú."

Wọ́n wò mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Tí o bá rí mi létí kànga, Àjọkẹ́, ṣé o máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi kí n tó já sínú rẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jáde, láìwọ bàtà, láìwé gèlè, irun wọn tí ìyá mi ń dì lọ́wọ́ kò tíì ju ìlàjì lọ. Ilé Alhája ni wọ́n kọ́kọ́ lọ nítorí Kúdí. Ìsọ̀ kún fún oníbàárà. Ìkòkò ti wà lórí sítóòfù lẹ́yìn, òórùn irú sì ti ń jáde. Màmá, tó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ju Alhája lọ, kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Alhája, ẹ bá mi sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀. Àṣìṣe ni mo ṣe. Olú yẹn kì í ṣe olú mi, májèlé ni."

Alhája gbé Kúdí mọ́ra. "Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọmọ mi ni?"

"Rárá o. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Wọ́n wo ìkòkò náà títí Alhája fi dà á nù. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí àwọn ilé yòókù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì sọ níbi gbogbo: "Àṣìṣe ni mo ṣe." Nígbà tí a fi máa dé yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ti fi díẹ̀ jẹ ìrẹsì. Bùọ̀dá Délé ló jẹ ẹ́ jù. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ń bì, kò sì lè dìde. Bàbá mi yá ọkọ̀ aládùúgbò kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà láti Sátidé títí di ọjọ́ Ajé. Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún wọn, wọn kò fẹnu kàn án. Ní ọjọ́ Ajé, Bùọ̀dá Délé bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Màmá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, wọ́n ní, "Délé, èmi ni mo fún ọ ní májèlé." Bùọ̀dá Délé di ọwọ́ wọn mú, ó ní, "Màmá, ẹ yéé sọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá wá ni, à bá jẹ èyí tó kù lálẹ́."

Nínú gbogbo ilé tí wọ́n dé, Màmá kò dárúkọ mi. Nígbà tí à ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ pé mo ti mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹnu mi ló ń sọ pé ọmọdé kì í kọ́ àgbà ní olú. Ìwọ kàn gbọ́ràn ni."

Ìyá mi fẹ́ kí wọ́n fi olú sílẹ̀ pátápátá. Màmá jó gbogbo ohun tó wà nídìí máńgòrò níná, ṣùgbọ́n wọ́n tún ti inú balùwẹ̀ tò. Àṣà wọn yí padà. Bí wọ́n bá ká olú, wọ́n á pè mí, wọ́n á na ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mi pé, "Àjọkẹ́, kí ni tíṣà wí nípa èyí?" Lẹ́yìn náà wọ́n á se díẹ̀, wọ́n á gbé àga wọn sí ìloro níwájú ilé, níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí wọn, wọ́n á sì dá jẹ ẹ́. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹlòmíràn tó lè fẹnu kàn án, títí kan bàbá mi. Wọ́n ní, "Olú mi, ẹnu mi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá mi, kí ẹ gbé abọ́ wá."

Ó pẹ́ kí abọ́ tó wá. Bùọ̀dá Délé ló kọ́kọ́ gbà, pẹ̀lú ẹ̀rín. Díẹ̀díẹ̀, ilé mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e. Ti Alhája kò yí padà. Abọ́ wọn kò tilẹ̀ padà lófìfo mọ́. Pẹ̀lú olú inú rẹ̀ ló ń padà. Màmá kò bínú. Títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, wọn kò yéé rán mi. Wọ́n ní, "Ó tọ́ kí ó dá a padà. Ó sì tọ́ kí n fi ránṣẹ́."

Ní ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi, mo gbé garawa mi kalẹ̀, mo sì lọ sí ẹ̀yìn ilé. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, kò sí ẹni tó ṣí balùwẹ̀ náà. Mo fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Àgò o," mo sì dúró títí ìbínú mi fi rọlẹ̀. Nígbà tí mo ká ọ̀rá náà sókè, olú ti kún orí èyí tí wọ́n tò kẹ́yìn. Àwọn kan ṣì dà bí ẹyin, àwọn kan ti la orí.

Mo yí wọn díẹ̀díẹ̀. Mo wo ìdí wọn, mo wo abẹ́ wọn. Gbogbo rẹ̀ ló pọ́n. Mo se díẹ̀, mo gbé àga Màmá sí ìloro, mo sì jókòó jẹ ẹ́ lójú gbogbo àdúgbò.

Ìyá mi jáde. "Àjọkẹ́, ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Wọ́n dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ilẹ̀ mọ́ bá mi. Mo bu abọ́ márùn-ún, mo sì pín mẹ́rin. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ Alhája, wọ́n wo abọ́ náà, wọ́n wo ojú mi.

"Ta ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́?"

"Èmi ni, mà. Lánàá."

"Mo rí ẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà, wọ́n sì gbé e wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Kúdí gbé e padà wá. Ó ti dàgbà, ó ti ń lọ sí ilé-ìwé. Abọ́ náà wúwo ju bí mo ti rò lọ, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi bò ó. Mo ṣí i. Ṣúgà onígun ló kún inú rẹ̀ dé etí.

Kúdí kúnlẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán an dáadáa kó má bàa gbàgbé ìkankan. Ó ní, "Àǹtí Àjọkẹ́, ìyá àgbà mi ní ti ẹ̀kọ Màmá yín nìyí. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ṣúgà kò tán lọ́jọ́ yẹn."